Bí Àṣàrò Bá Ń Dààmú Yín: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Láti Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ àṣàrò torí kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa kíyè sí èémí bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde, ara á sì tù wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ibi tí wọ́n ti ń wá ìtura gan-an ni ìpayà ti ń yọ. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Oorun á dá lójú. Gbogbo ayé á dà bí ohun téèyàn ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí á máa rò ó lọ́kàn pé òun nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣe, pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tàbí pé orí òun ti ń dàrú. Ìrònú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í sábà jóòótọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ká tó lọ jìnnà nìyí: àṣàrò dà bí oògùn, ó ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n tó wo ẹnì kan sàn lè pọ̀ jù fún ẹlòmíì. Ó tiẹ̀ lè pọ̀ jù fún ẹnì kan náà lọ́sẹ̀ tí kò rí oorun sùn. Bó bá ti ń pa yín lára, ẹ dín in kù. Ẹ má fi kún un.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n

Hakuin, olùkọ́ Zen (ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà) ará Japan tó gbé ayé láti 1686 sí 1769, kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣejù nínú àṣàrò ṣe sọ òun di aláìsàn: ooru ń ru sókè, ẹsẹ̀ tutù bíi yìnyín, etí sì ń hó bí omi tó ń ya. Àìsàn Zen ni wọ́n ń pè é. Ìtọ́jú tó kọ sílẹ̀ ni pé kéèyàn fojú inú wo ohun kan bíi bọ́tà tó ń yọ́ láti àtàrí, tó ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn ará Tibet náà ní orúkọ tiwọn fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀: lung ni wọ́n ń pè é, ìyẹn afẹ́fẹ́. Ìsinmi, oúnjẹ gbígbóná tó ń gbé ara ró, àti ìbákẹ́gbẹ́ àwọn tí ara ń tuni lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìtọ́jú àtijọ́ wọ̀nyí tó ní kí aláìsàn fi agbára tẹ̀ síwájú.

Lóde òní, Jared Lindahl àti Willoughby Britton ní Brown University, Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń ṣe àṣàrò lẹ́nu wò, títí kan àwọn tó ń fi í kọ́ni. Lọ́dún 2017 wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀: oríṣi ìrírí 59, tí wọ́n pín sí ọ̀nà 7. Ìwádìí míì lọ́dún 2020, tó kó iṣẹ́ 83 jọ lórí èèyàn tó lé ní 6,700, sọ pé nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 ni ìpalára kan dé bá. Lọ́dún 2021, Britton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bi èèyàn 96 tó ṣe ẹ̀kọ́ àṣàrò ọlọ́sẹ̀ 8 ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú wọn, ìdá 58 nínú 100 ní ó kéré tán ìrírí kan tí kò bára dé, ó dí ìdá 37 nínú 100 lọ́wọ́ ìgbésí ayé wọn, ó sì pẹ́ lára ìdá 6 sí 14 nínú 100. Ìdá 58 yìí fi púpọ̀ ju èèyàn 8 nínú 100 ti ìwádìí ọdún 2020 lọ. Lójú tiwa, ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tí wọn ò bá bi kì í sọ, pàápàá nígbà tí gbogbo èèyàn ń yin àṣàrò.

Kí ló ń fà á gan-an?

Ohun tí a bá tẹjú mọ́ ló ń tóbi. Ẹni tó di ojú, tó sì kó gbogbo ọkàn rẹ̀ sórí àyà, á gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Bó bá ti gbọ́ ọ, ó lè ba á lẹ́rù. Ìbẹ̀rù á mú kó lù kíkan sí i, òun náà á sì tún máa gbọ́ ọ. Bí ìpayà ṣe ń bí ìpayà nìyẹn.

Ohun kejì ni ẹ̀ṣọ́ tí ara ń ṣe. Ara ẹni tí ìyà ti jẹ rí ti kọ́ láti máa ṣọ́nà tọ̀sán-tòru. Tí ẹ bá ní kó tú ara sílẹ̀, lójú ara yẹn ńṣe lẹ ní kí ọlọ́dẹ jù ìbọn nù lóru. Ìdí nìyí tí ìsinmi fúnra rẹ̀ fi ń dẹ́rù ba àwọn kan. Ìrántí ohun búburú tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn náà ń yọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, torí kò sí ariwo mọ́ tó lè bò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iye wákàtí. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ 10, tí wọ́n ń jókòó fún wákàtí 10 lóòjọ́, tí wọ́n ń jí láago 4 òru, tí oúnjẹ sì mọ níwọ̀n, ti kó ohun mẹ́rin tó lè da orí rú jọ sójú kan: oorun kò tó, oúnjẹ kò tó, kò sẹ́ni téèyàn lè bá sọ̀rọ̀, ọkàn kò sì kúrò lára ara rẹ̀.

Ní ti àṣàrò tó ní mímí kíákíá nínú, tirẹ̀ tún yàtọ̀. Mímí bẹ́ẹ̀ ń dín carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde) inú ẹ̀jẹ̀ kù ju bó ṣe yẹ lọ, ètè àti ìka á máa ta ṣínṣín, òòyì á máa kọ́ni, ọwọ́ pàápàá lè ká kò. Tí ẹ bá ti ń mí bí tẹ́lẹ̀, á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá a dúró, kí ẹ bọ́ síta

Ẹ má dúró kí aago dún. Ẹ má parí rẹ̀.

1. Ẹ la ojú. Ẹ gbé orí sókè, ẹ má wolẹ̀.
2. Ẹ yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kí ojú yín kan ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, òkè àjà. Bí ojú ṣe ń wá nǹkan kiri yàrá tí kò sì rí ewu, ara náà á máa gbà pé kò séwu.
3. Ẹ dìde. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀.
4. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ sún un kúrò, fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún.
5. Ẹ fi ẹnu yín sọ ohun 5 tí ẹ rí, 4 tí ẹ lè fọwọ́ kàn, 3 tí ẹ ń gbọ́, 2 tí ẹ ń gbóòórùn, àti 1 tí ẹ lè tọ́ wò. Kí ohùn jáde.
6. Ẹ pe ẹnì kan, tàbí kí ẹ lọ síbi tí èèyàn wà.

Karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kàn sọ pé "àga, tábìlì, ìwé", ẹ ò tíì wo nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "àga onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti há, eruku wà lábẹ́ rẹ̀." Àlàyé tó kúnná ló ń gba ọkàn lọ́wọ́ ìpayà.

Bí ẹ bá wà nítòsí ẹ̀rọ omi, ẹ ṣí i, kí ẹ na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibo ni omi ti kọ́kọ́ kàn, ẹ̀yìn ọwọ́ ni àbí ìka? Ẹ wo bó ṣe ń pín yà lára eegun ìka, bó ṣe ń dúró díẹ̀ létí èékánná kó tó kán sílẹ̀. Ẹ fi kún òtútù rẹ̀, ẹ dín in kù. Ìṣẹ́jú 2 tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa ń gbani: "Mí kanlẹ̀!" Ẹni tí ìpayà mú ti ń mí jù tẹ́lẹ̀. Mímí kanlẹ̀ léraléra á tún fi kún un ni. Èyí tó dára ni kí èémí tó ń wọlé kéré, kí èyí tó ń jáde gùn: ẹ ka 4 bó ṣe ń wọlé, ẹ ka 6 bó ṣe ń jáde, láti imú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èémí gan-an lẹ ń kíyè sí nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ má tọ́ ọ rárá. Ẹ kọrin, tàbí kí ẹ kùn ún lábẹ́ imú. Orin á mú kí èémí jáde gùn fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀ ń ṣọ́ ọ.

Ìpayà òjijì sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí, torí nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, ńṣe ló ń dà bíi pé kò ní tán láé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ èyí tó ń ṣe yín

Ọ̀nà méjì ni ara ń gbà ṣe é. Ìtọ́jú wọn kò bára mu, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ ni kí ara gbóná jù: àyà ń já, ara ń gbọ̀n, oorun dá, ariwo díẹ̀ ń ta yín jí, ìmọ́lẹ̀ ń ta ojú, èrò ń sáré. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún èyí ni iṣẹ́ tó ń lo iṣan ńlá: ìrìn ìṣẹ́jú 30 sí 40 lójoojúmọ́, gígun àtẹ̀gùn, gbígbé ohun tó wúwo díẹ̀, fífi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Ẹ jẹun kánú, kí ebi má pa yín kọjá wákàtí 4. Ẹ fi kọfí àti ohun mímu amára-jí-pépé sílẹ̀ fún ìgbà yìí.

Ìkejì ni kí ara kú jù: nǹkan kan kò dùn yín bẹ́ẹ̀ ni kò dùn mọ́ yín, ọwọ́ yín dà bí ọwọ́ ẹlòmíì, ohùn àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ ń wo ara yín bí ẹni ń wo sinimá. Ẹ má fún irú ara báyìí ní ìtura sí i. Jíjí ló yẹ kẹ́ ẹ jí i: omi tútù lójú, ohun tó ta lẹ́nu, òórùn tó mú, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ìrìn kíákíá, ijó, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú èèyàn. Tí wọ́n bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀, kó di ojú, kó máa gbọ́ orin ìtura, ńṣe ló máa jìnnà sí ara rẹ̀ sí i.

Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì máa gba ara wọn ní ipò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo èyí tó wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn kan yín lójú ẹsẹ̀

Ẹ má fi ìlànà inú ìwé yìí tọ́jú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má sì wa ọkọ̀ fúnra yín:

- Ẹ ò sùn fún òru méjì, síbẹ̀ kò rẹ̀ yín, agbára ń kún ara, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu yín.
- Ohùn kan ń pàṣẹ fún yín, tàbí ó dá yín lójú pé wọ́n ń lé yín, tàbí pé iṣẹ́ ńlá kan fún gbogbo ayé wà lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan.
- Ẹ ń ro bí ẹ ó ṣe pa ara yín, tàbí bí ẹ ó ṣe pa ẹlòmíì lára.
- Ẹ ò jẹ, ẹ ò mu, tàbí ẹ dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìlè mira.
- Ẹ dákú, gìrì mú yín, àyà ń dùn yín tó sì ń ta dé apá tàbí àgbọ̀n, ẹnu wọ́, tàbí apá ara kan kò ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tó ń ran dókítà àti ìdílé lọ́wọ́. Ẹni tó ní "ó ń ṣe mí bíi pé ayé yìí kì í ṣe òótọ́" ṣì mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe òun ni. Ẹni tó ní "ayé yìí kì í ṣe òótọ́, èmi nìkan ni mo mọ̀" ti kọjá ibẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí "bíi pé" yẹn dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kì í ṣe ti orí ìjókòó nìkan: ẹ̀rọ àṣàrò orí fóònù, àṣàrò tí wọ́n fi ń sun oorun, ìdárayá èémí, "kíkíyèsí" nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́, gbogbo ẹ̀ pátá. Àwọn kan á fi ti òwúrọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ṣì máa kíyè sí ara láti orí dé ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, wọ́n á wá máa yà wọ́n lẹ́nu pé kò lọ.

Oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Aago kan náà ni kẹ́ ẹ máa jí, bí òru ti wù kó rí. Bí oorun kò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó síbòmíràn, ẹ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí kò gba ìrònú títí ojú á fi wúwo. Oorun ọ̀sán kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ẹ má fi ọtí tàbí igbó wá oorun. Igbó ní pàtàkì lè sọ ìmọ̀lára ẹ̀yìn gíláàsì yẹn di ńlá.

Wàhálà kan wà tí àwọn tó ti ṣe àṣàrò fún ọdún púpọ̀ mọ̀ dáadáa: ọkàn ti kọ́ láti máa ṣọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe ṣíwọ́ mọ́. Ẹ ń rìn, ẹ ń wo bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá a jà, torí bíbá a jà náà ṣì jẹ́ ìṣọ́. Ẹ wá iṣẹ́ tó gba ọwọ́ àti ojú pọ̀, tó sì ní òpin: aṣọ rírán, bọ́ọ̀lù gbígbá pẹ̀lú èèyàn, ilẹ̀ ríro, ohun tó bàjẹ́ tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Á gbàgbé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, lọ́la fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má sì máa yẹ ara yín wò ní gbogbo ìgbà pé "ṣé ó ti lọ?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń pè é padà.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ìṣẹ́jú 3 péré, kó má bàa di ìṣọ́ tuntun. Báyìí:

*Ìṣẹ́gun. Oorun: wákàtí 5. Ìpayà: 6 láàárọ̀, 3 lálẹ́. Ohun tó gbé e sókè: mo dá jókòó nínú yàrá dúdú. Ohun tó gbé e wálẹ̀: ìrìn ìṣẹ́jú 40, aṣọ fífọ̀.*

0 ni àlàáfíà, 10 ni èyí tó burú jù lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé yìí wúlò lọ́wọ́ dókítà ju àlàyé wákàtí kan lọ.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú dókítà, àti pẹ̀lú olùkọ́

Bí ìpayà bá ṣì ju 5 lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí iṣẹ́ kò ṣeé ṣe, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: "Mò ń ṣe àṣàrò fún wákàtí báyìí lóòjọ́. Ọjọ́ báyìí ni èyí bẹ̀rẹ̀. Mo ti dá a dúró láti ọjọ́ báyìí. Oorun mi rí báyìí." Ẹ ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) tó ń ṣiṣẹ́ jù lè mú kí àyà máa já bákan náà. Bí ẹ bá ń lo oògùn ọpọlọ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan ti dá oògùn dúró torí wọ́n gbà pé àṣàrò ti tó wọn. Bó bá jẹ́ ìrántí ìyà àtijọ́ ló yọ, ẹ má dá tú u. Ẹ wá olùdámọ̀ràn tó mọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn, kó jẹ́ pé lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ ó ti máa ṣí i díẹ̀díẹ̀.

Olùkọ́ ńkọ́? Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé o ti rí irú èyí rí? Kí lo ní kí ẹni náà ṣe? Ìgbà wo lo máa ń ní kéèyàn dáwọ́ dúró? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á ní ìdáhùn fún ìkẹta. Èyí tó bá ní kò sí ìgbà kankan, tó ní kẹ́ ẹ ṣáà máa jókòó, pé ìdènà tẹ̀mí ló ń jáde, ẹ má tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ èèyàn rere, ó sì lè fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń ru ara tó ń gbọ̀n. Bí ẹ bá wà níbi àpéjọ ọlọ́jọ́ púpọ̀, ẹ lè lọ sílé lónìí. Ẹ ní kí wọ́n dá fóònù yín padà, kí ẹ pe ẹni tó máa wá mú yín.

Fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí àṣàrò ń dààmú

Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ní iwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ̀rọ̀ lásán, ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun tí ẹ fẹ́ sè. Ẹ má bi í lẹ́ẹ̀mẹwàá pé ṣé ara ti yá. Ẹ má sì ní "ṣebí mo sọ fún ẹ". Oúnjẹ gbígbóná, ìrìn, àti ẹni tó máa sùn ní yàrá kejì ń ṣe púpọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ padà sídìí rẹ̀

Ó ń gba àwọn kan ní ọjọ́ mélòó kan, ó ń gba àwọn míì ní oṣù, àwọn tí ó gbà lọ́dún wà. Ẹ má yára. A máa ń ní kí èèyàn dúró títí oorun á fi ṣe déédéé fún ọ̀sẹ̀ 4 tó tẹ̀ léra, tí ìpayà ò ju 2 lọ, tí iṣẹ́ àti oúnjẹ sì ti padà sípò. Bó bá jẹ́ ìtìjú tàbí ẹ̀bi ló ń tì yín padà, kò tíì tó àsìkò.

Ìwọ̀n tí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú 3, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, láàárọ̀, ojú là, lórí ìrìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ìró ìta ni kẹ́ ẹ kíyè sí, ẹ fi èémí àti àyà sílẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má ju 15 lọ fún oṣù 3 àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí ìpayà bá dé 4, ẹ dúró níbẹ̀, bó tilẹ̀ ku ìṣẹ́jú kan. Bí oorun òru méjì bá bàjẹ́ tẹ̀ léra, ẹ padà sí òdo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 3. Ní ti àpéjọ ọlọ́jọ́ púpọ̀, ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan kí ẹ tó ronú kàn án, ẹ sì sọ fún àwọn tó ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní kíkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Àwọn kan kì í padà mọ́. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọkàn wọn sì balẹ̀ níbẹ̀.